Ẹ̀gbọ́n Onídígí Kò Bínú, Ó Yodì Ni

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé a fi nǹkan pa mọ́ fún òun: Ẹ̀gbọ́n Onídígí kì í mu omi láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé ife náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ó yí i síwá sẹ́yìn, kí ó sì di ojú kan wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ife onírin gbé omi fún un, ife tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá láéláé, yóò gbé òun náà sókè, yóò wò ó tinú tẹ̀yìn, yóò mi orí, lẹ́yìn náà ni yóò tó mu omi. Ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama, ti gbìyànjú rí láti ṣàlàyé fún un pé ìwà náà kò bọ́gbọ́n mu. Ó ti jáwọ́ báyìí.

Obìnrin tó ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ife omi, ẹ fọkàn yàwòrán irú ojú tó fi wo pátákó tí àbúrò rẹ̀ gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá wọn ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Yàrá gígùn kan ni. Tábìlì ńlá tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò wà láàárín rẹ̀, àwọn dígí sì fara ti ògiri yíká bí àlejò tí kò rí àga jókòó. Ẹ̀gbọ́n Onídígí ni àkọ́bí. Kò tíì ga tó tábìlì náà tó ti ń bá bàbá rẹ̀ di etí dígí mú. Bàbá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti ẹnu ọ̀bẹ dígí bọ kẹrosíìnì, bí wọ́n ṣe ń fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìpadà sẹ́yìn, tí yóò máa dún ṣíín títí dé òpin, àti bí wọ́n ṣe ń gbé ojú ìlà náà sí etí tábìlì kí ó lè dá sí méjì láìjà. Nígbà tí ojú bàbá wá di bàìbàì, ojú ọmọ yìí ló ń lò. Nígbà tí bàbá kú, kò sí fèrèsé kan ládùúgbò tí ọwọ́ obìnrin yìí kò kàn, bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí títí dé bárékè ọlọ́pàá.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ní tirẹ̀, kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kò gbà á. Ó lọ ta fóònù, àwọn oníbàárà sì ń ra ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ ayé ti kí i pé ó dàbọ̀, ó rántí pé òun náà ní bàbá, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kọ́ ọ. Òun ló kọ́ ọ ní gígé, òun ló kọ́ ọ ní gbígbé, òun ló sì fi abẹ́rẹ́ yọ àfọ́kù tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní àtàǹpàkò, nígbà tí odindi ọkùnrin onírùngbọ̀n náà ń ké pe Màámi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Màámi ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n Onídígí fi ṣọ́ọ̀bù lé àbúrò lọ́wọ́, ó sì lọ ń sùn lórí àga ní ọsibítù títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́. Ara Màámi yá. Dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n gbé ìyá rẹ̀ délé, ó fọ ojú rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì bá pátákó tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí, ní lẹ́tà pupa tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré lè kà:

BÀBÁ ONÍDÍGÍ ÀTI ỌMỌ RẸ̀ ỌKÙNRIN

Wọ́n ya ọkùnrin onírunmú kan sí abẹ́ rẹ̀, tó gbé dígí dání, tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnikẹ́ni tó jọ ọ́ nínú ẹbí.

“Kí lèyí?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Pátákó tuntun ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi o. Ṣé ó wù yín?”

“Ta ni ọmọ ọkùnrin?”

“Èmi ni.”

“Èmi wá ńkọ́?”

“Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ta ni kò mọ̀ yín? Ẹni tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí la tún fẹ́ kọ ọ́ sí pátákó fún? Àwa tí wọn kò tíì mọ̀ la nílò rẹ̀.”

Ìdáhùn náà mọ́, ó ń dán, ó sì lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Onídígí la ẹnu, ó pa á dé. Láti ìgbà náà ló ti yodì.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Onídígí ń bínú. Kò bínú rárá. Ẹni tó ń bínú máa ń pariwo, á sọ̀kò ọ̀rọ̀, á gbá ilẹ̀kùn dé, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ á bi yín pé kí lẹ sè. Àwọn mìíràn ní ó ń kùn. Irọ́ ni: ẹni tó ń kùn kò tíì pinnu bóyá òun fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun tàbí kí wọ́n má gbọ́ òun. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ó di àbúrò rẹ̀ sínú, ìyẹn sì ni ìbanilórúkọjẹ́ pátápátá, nítorí ẹni tó bá dì yín sínú á máa kí yín, á máa bèèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ, eyín rẹ̀ á funfun báláú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tó máa ṣe yín léṣe. Ẹni tó yodì kò ní irú àgàbàgebè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín ní gbangba, lójoojúmọ́, láìsọ nǹkan kan.

Odì sì ní òfin. Ẹni tó yodì lè bu oúnjẹ fún yín, kò kàn ní sọ pé oúnjẹ ti délẹ̀ ni. Ó lè bá yín gbé ẹrù wúwo, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń wo ibòmíràn. Ó lè rán ẹlòmíràn sí yín, àní bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bá ń kan tiyín. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ ṣe: kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló parí odì, tí odì bá sì ti parí, ohun tó fà á ti bá a lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá tún hú u síta, òun ni oníjà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ èyí kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Ẹ̀gbọ́n Onídígí mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ohun tó ń dúró dè fún Màámi láìfi sábẹ́ ahọ́n.

“Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ èmi náà sí pátákó yẹn, ní lẹ́tà tó tó ti onítọ̀hún, ọjọ́ náà ni màá dá a lóhùn.”

“Nítorí igi lásán?” ni Màámi wí.

“Kì í ṣe igi, Màámi. Ohun tí wọ́n kọ sára igi ni.”

“Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Fojú fò ó.”

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń sun ẹ̀gbọ́n lẹ́dọ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ pé kí ó fojú fò ó. Ìyàwó pásítọ̀ sọ pé kí ó fojú fò ó. Obìnrin kan tó wá gé dígí fèrèsé ilé ìwẹ̀, tí kò mọ àbúrò, tí kò mọ Màámi, tí kò tíì san ti èyí tó gé kọjá, wo pátákó, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n, ó ní, “Màmá, ẹ fojú fò ó.” Nínú gbogbo àwọn olùlàjà yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ya ọ̀dọ̀ àbúrò kí ó sọ fún un pé ìwọ lo gbé e kọ́, lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dà bíi pé ẹ̀gbọ́n nìkan ni Ọlọ́run dá ojú fún, àti pé ohun tó dá a fún náà kò ju kí ó máa fi í fo nǹkan lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dígí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹ ò lè nìkan gbé odindi dígí, ẹ ò sì lè gbé e pẹ̀lú ẹni tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, àyàfi tí ẹ bá ní ògbufọ̀. Télọ̀ ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn.

“Télọ̀!” ni ẹ̀gbọ́n á ké. “Ẹ bá mi bi ẹni tó ni pátákó, níbo ló gbé rúlà sí?”

Télọ̀ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ẹ̀gbọ́n ní rúlà dà?”

“Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó wà lẹ́yìn wọn,” ni àbúrò á dáhùn.

“Ó ní ó wà lẹ́yìn yín!”

“Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn mi kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó rúlà sí.”

“Ẹ̀yin èèyàn yìí!” ni Télọ̀ ké lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ mẹ́ta sì wà lẹ́nu rẹ̀. “Yàrá kan náà lẹ wà! Èmi ni mo wà lódìkejì títì! Mo ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹ̀wù oníbàárà nítorí rúlà yín! Mi ò ṣe mọ́!” Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó ń ránṣọ nínú òkùnkùn láti ọjọ́ náà, inú rẹ̀ sì dùn.

Bí Télọ̀ ti kọ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ikọ́ ló rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì jíròrò rẹ̀, àwọn méjèèjì kàn bá ara wọn níbẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé dígí, tí àbúrò ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú, tí ẹ̀gbọ́n ń tì í bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan: dúró. Á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó yá, máa lọ. Bí ó bá ha ọ̀fun, kí àbúrò yà sí apá ibi tí ẹ̀gbọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí. Wọ́n fi ikọ́ gbé dígí wọ ilé alájà mẹ́ta láìbá nǹkan kan jẹ́. Àwọn onílé ń fún wọn ní omi gbígbóná àti oyin.

Kí a sì sọ òtítọ́, odì náà ń ṣiṣẹ́. Àbúrò ni ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ohun tó le fún un bíi kí ó dá ẹ̀rín sílẹ̀, kí ẹ̀rín náà jábọ́ sórí tábìlì láìsí ẹni tó gbé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò tíì mọ gbogbo iṣẹ́. Ó gé dígí oníṣẹ́-ọnà kan ní òdìkejì, ó bà á jẹ́, torí kò rí ẹni bi léèrè ṣáájú. Ó rù. Nígbà tó yá, ó fi ohùn kékeré pe ẹni tó kun pátákó náà lórí fóònù, ó ní kí ó wá ní Sátidé, kí ó wá fi kún un. “Ẹ kọ ọ́ báyìí,” ni ó ń sọ fún un, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, “Bàbá Onídígí àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀. Ẹ pa ‘ọkùnrin’ yẹn rẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò yí ojú padà. Ó ń pò pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ dígí mọ́ férémù, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ku kí ó pa ẹnu mọ́ títí di Sátidé.

Ní Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n lọ ṣe dígí iwájú ṣọ́ọ̀bù Oníkẹ́míìsì, tó wà nítòsí tiwọn. Obìnrin tó tóbi, tó máa ń fi ẹ̀wù funfun ṣe fáàrí ni Oníkẹ́míìsì, ó sì ń tún gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe kí ó lè dára ju ti oníkẹ́míìsì tó wà nísàlẹ̀ títì lọ. Ẹ̀gbọ́n ti lọ wọn ibẹ̀ láàárọ̀. Ó rí i pé àwọn oníná ti gbẹ́ kòtò kan nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kòtò tó jìn tó ìbàdí ènìyàn, tí wọ́n fi ń gba wáyà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Ó tún rí i pé nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ jẹun, wọ́n fi páálí bò ó, bóyá kí òjò má baà rọ̀ sínú rẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Nígbà ayé Télọ̀ ògbufọ̀, ẹ̀gbọ́n ì bá ti ní kí wọ́n sọ fún ẹni tó ni pátákó. Ṣùgbọ́n Télọ̀ ti kọjú sí ògiri. Ó rò ó pé kò burú, tí àwọn bá ti débẹ̀, òun á húkọ́.

Ohun tí kò rò ni eruku. Àwọn tó ń ha ògiri Oníkẹ́míìsì ti sọ gbogbo ilé di funfun. Bí wọ́n ti gbé dígí náà kọjá ẹnu ọ̀nà, dígí tó ga ju àwọn méjèèjì lọ, eruku gba imú ẹ̀gbọ́n wọlé, ó sì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò dúró. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò ń lọ. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àbúrò dúró, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ha ọ̀fun, àbúrò yà sápá òsì, ó fi èjìká gbá ògiri. Lẹ́yìn náà, ikọ́ náà wá ń jáde wọ̀ọ́-wọ̀ọ́ láìsí òǹkà, àbúrò sì ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn á ṣe: ó pinnu pé òun kò ní gbọ́ ikọ́ kankan mọ́. Ó fi ẹ̀yìn rìn lọ tààrà, kánmọ́-kánmọ́, síhà páálí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún obìnrin yìí: ó rò ó. Àkókò náà kò tó kí ènìyàn ṣẹ́ ojú, ṣùgbọ́n ó rò ó dáadáa. Ó rí Sátidé. Ó rí lẹ́tà pupa tí wọ́n ń pa rẹ́. Ó tilẹ̀ wo Oníkẹ́míìsì bóyá òun á rí i rán, ṣùgbọ́n Oníkẹ́míìsì ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù nípa ike ìpara. Gìgísẹ̀ àbúrò ti wà létí páálí. Bí ó bá ṣubú sínú kòtò yẹn, dígí náà á tẹ̀lé e.

“Kékeré, dúró! Kòtò wà lẹ́yìn rẹ!”

Kékeré ni orúkọ tó ń pè é nígbà tó ń gbé e pọ̀n. Ọkùnrin náà dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n kàn níṣòó mọ́lẹ̀. Páálí náà tẹ̀, ó sì jábọ́ sínú kòtò. Ojú gbogbo wọn lọ sí i. Ẹ̀gbọ́n ní, “Má mira. Yà sápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ kan. Òmíràn. Ó tó.” Wọ́n gbé dígí náà wọ férémù rẹ̀, wọ́n fi ìṣó pẹ̀lẹ́bẹ́ há a, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n tó jókòó lórí àpótí oògùn.

Ó ń retí pé kí ẹnì kan sọ pé ẹ ṣé.

“Ẹ̀gbọ́n mi!” ni àbúrò ké, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. “Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀!”

Oníkẹ́míìsì sọ fóònù sílẹ̀. “Ó sọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n? Ọlọ́run ṣeun o! Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi!” Ó pàtẹ́wọ́. Ariwo náà dé ọ̀dọ̀ Télọ̀, Télọ̀ sì sáré sọdá títì pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn.

“Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n ni!”

“Ó ti parí nìyẹn! Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gba ẹnu mi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá rere ni yín.”

“Mi ò bá a sọ̀rọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀.”

“Ẹsẹ̀ ta ni?” ni Oníkẹ́míìsì bi í tìfẹ́tìfẹ́. “Ṣé ẹsẹ̀ ló ń jẹ́ Kékeré?”

Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba kòtò. Kò sí ẹni tó bi àwọn oníná pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Àbúrò tilẹ̀ ti yọ fóònù rẹ̀. “Ẹ n lẹ́ o,” ni ó ń wí. “Nípa ti Sátidé yẹn, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bẹ́ẹ̀ ni! A ti ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n Onídígí dìde lórí àpótí. “Kí lo sọ fún un?”

“Ẹ ò rí i?” ni àbúrò sọ fún Télọ̀. “Ó tún ti bá mi sọ̀rọ̀.”

“Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀!”

“Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn,” ni Oníkẹ́míìsì wí, ó sì nu omijé ayọ̀ nù pẹ̀lú apá ẹ̀wù funfun rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màámi pe àwọn méjèèjì sílé. Ó ti gbọ́. Ó ti wọ aṣọ, ó ti to àga, ó ti sè. Ó di ẹ̀gbọ́n mọ́ra, ó ní, “Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwọ lo parí rẹ̀. Bàbá rẹ á máa yọ̀ níbi tó wà. Ó yá, ẹ jókòó ká jẹun.”

“Màámi, mi ò jókòó,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ṣé ẹ ní mo ti ń sọ̀rọ̀? Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ wà lórí ibùsùn tí ẹ ò mọ ẹni tó ń fi omi kan ètè yín, èmi ni. Àkókò yẹn gan-an ni ọmọ yín ń wá lẹ́tà pupa kiri. Mo béèrè, ó fi mí ṣe ẹ̀rín. Mo dákẹ́, ẹ ní ọkàn mi le. Gbogbo ayé ní kí n fojú fò ó. Mo wá pariwo kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kán, kí dígí má baà gé e lọ́rùn, ẹ wá ń pàtẹ́wọ́, ẹ ní ó ti parí. Bí mo bá ti pa ẹnu mọ́ kí ó ṣubú, ṣé ìgbà náà ni ẹ̀ bá tó kọ mí sí pátákó?”

Màámi wo oúnjẹ. “Ó ń tutù,” ni ó wí, kì í sì í ṣe sí ẹnikẹ́ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jẹ́ kí n ṣàlàyé,” ni àbúrò wí. Ó ti bu oúnjẹ sẹ́nu. “Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ yín síbẹ̀, àwọn oníbàárà á máa bi mí pé ta ni ọ̀gá.”

“Kí ni wàá dá wọn lóhùn?”

Àbúrò wo àjà. Màámi náà wo àjà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́?” ni ẹ̀gbọ́n tún bi í.

“Ẹ̀yin ni.”

“Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ò ń tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó, màá ṣe é. Ẹ jókòó. Màámi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo ní màá ṣe é! Sátidé yẹn kọ́, ó ti bọ́, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ Ajé tó dé, màá ti kọ yín síbẹ̀. Gbogbo ènìyàn á rí i.”

Ó búra lójú ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó jẹun. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àbúrò sín ikọ́ tí ẹ̀gbọ́n wú ní ṣọ́ọ̀bù Oníkẹ́míìsì jẹ. Nígbà tó ń lọ sílé, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀, tó wá mú un, lójú ọ̀nà pé bóyá òun le jù, pé ọmọ náà ní inú rere, pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀, tó mọ ìṣirò, ń fi ìka ka iye ọjọ́ tó kù kí ọjọ́ Ajé dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tètè dé ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ti wà níbẹ̀, ó dúró lábẹ́ pátákó, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti ẹni tó ń fi ilé tuntun han àlejò. BÀBÁ ONÍDÍGÍ ÀTI ỌMỌ RẸ̀ ỌKÙNRIN ṣì wà lókè, ó pupa, wọ́n tilẹ̀ ti tún un kùn. Onírunmú náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀, kò rí ara rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó gbé àpótí, ó gun orí rẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà fóònù àbúrò, ní àárín bàtà ọ̀tún onírunmú àti bàtà òsì rẹ̀, níbi tí àyè ti kù díẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà eérú kọ lẹ́tà wínníwínní bíi ti ara ìgò oògùn:

àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà, bóyá ó ṣì kù.

“Mo ti mú ìlérí mi ṣẹ,” ni àbúrò wí nísàlẹ̀. “Ayàwòrán ní àyè kò sí mọ́, ṣùgbọ́n mo ní dandan ni, kí ó fún un mọ́ ibi kan. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dára?”

Ẹ̀gbọ́n Onídígí sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. Ó dá àpótí náà padà síbi tó ti gbé e. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, ó wọlé, ó na bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ó gbé dígí kan lé e, ó ti ọ̀bẹ bọ kẹrosíìnì.

“Ẹ̀gbọ́n mi?”

Ṣíín, ni dígí dún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ò tún lè yodì mọ́, ó ti parí níwájú Oníkẹ́míìsì!”

Ẹ̀gbọ́n fi ojú ìlà lé etí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, ó dá sí méjì. Títí di òní, kò tíì fèsì, àwọn ará àdúgbò sì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n máa pè é. Àwọn kan ní odì ti àkọ́kọ́ ló ń bá lọ, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá kòtò kò ju pé ó sinmi díẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní ìyẹn ti kú, wọ́n ti jẹun lé e lórí, tuntun ni èyí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lò ju àwọn lọ, èwo ni ẹ rò pé ó jẹ́, àti pé nínú èyí tí ẹ bá mú, ta ló kàn láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?